Ejò Tí Kò Lórí

Ní àárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn ayé ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ tàdáwà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Mo ti da omi díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó má bàa tètè tán. Ó tẹ gègé bọ̀ ọ́, ó kọ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà sì fẹ̀ lórí ìwé bí epo.

"Ta ló bu omi sí èyí?"

Mo tẹjú mọ́ ìwé tí mò ń kà.

"Tíṣà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o. Ahun yín ò ní jẹ́ kí èèyàn fi ọwọ́ gidi kọ nǹkan."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ á rí i kà."

"Wọ́n á kúkú kà á. Ṣebí wọ́n ń ka tiyín, ọwọ́ tó dà bí ìgbà tí alángbá ti inú eérú jáde."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé mìíràn yọ, ó tún un kọ.

Èmi ni mò ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní ilé-ìwé girama kan ní Ayétòrò nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń kọ́ni. Àwọn ọmọ wa méjèèjì wà ní ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé. Nínú lábù ilé-ìwé wa, mo ní pẹpẹ kan tí mo to àwọn ìgò ejò sí, ejò kan nínú ìgò kan, nínú omi fómálìn tó máa ń ta ni lójú, tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà. Ìyàwó mi ló kọ lébẹ̀lì gbogbo wọn, ìwé pélébé tó ní orúkọ ejò àti ibi tí wọ́n ti pa á. Ejò ń rí i lára. Kò wọ lábù náà rí. Orí tábìlì ìjẹun wa ló ti ń kọ ọ́, á ro sítáàṣì lórí iná fún mi láti fi lẹ̀ ẹ́, á sì kìlọ̀ pé kí n fi àtàǹpàkò tẹ igun ìwé náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kọ orúkọ ejò kankan láì bèèrè ìwà rẹ̀, bí ẹni ń wádìí ìdílé ọkọ fún àbúrò rẹ̀.

"Kí ni ti eléyìí?"

"Sèbé ni. Bí o bá ká a mọ́, á nà ró, á fẹ ọrùn. Ó lè tu oró sí èèyàn lójú láti ibi tí igi ọwọ́ onítọ̀hún ò lè tó o. Omi púpọ̀ ni wọ́n á máa dà sí ojú náà."

"Agbéraga. Èyí ńkọ́?"

"Paramọ́lẹ̀. Kúkúrú, ó sì nípọn. Ojú ọ̀nà ló ń sùn sí. Bí o bá ń bọ̀ kò ní yà fún ọ. Á kàn máa mí fìn-ìn, títí o fi máa tẹ̀ ẹ́."

"Ọ̀lẹ."

"Òun ló ń bu àwọn tó ń ti oko bọ̀ jẹ jù."

"Ọ̀lẹ apààyàn, nígbà náà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ejò tútù tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọ̀pẹ tí àwọn adẹ́mu ń bẹ̀rù, tí oró rẹ̀ kì í fún èèyàn láyè títí dé ilé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún erè, tí kò ní oró rárá, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń wé mọ́ ẹran tí á sì fún un pa. Ó ní òun fẹ́ràn erè díẹ̀, nítorí pé kò fi nǹkan pamọ́ sínú eyín.

Ìgò kan ṣoṣo ló ṣófo lórí pẹpẹ. Ti ọká ni. Ọká wà nínú igbó wa dáadáa, àmọ́ kò sí ẹni tó mú odindi rẹ̀ wá fún mi rí. Ara rẹ̀ dà bí ewé tó ti já sílẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, funfun díẹ̀, dúdú díẹ̀, débi pé o lè wò ó kí o má rí i. Orí rẹ̀ fẹ̀, ìwo kéékèèké méjì wà lórí imú rẹ̀, eyín oró rẹ̀ sì gùn ju ti ejò yòókù lọ. Kì í lé ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ọká kì í wá oúnjẹ kiri, ibi tó bá jókòó sí ni oúnjẹ ti ń wá bá a.

"Ṣé kí n kọ ti ọká sílẹ̀?" ló bi mí ní àárọ̀ yẹn.

"A kì í sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i. Fi í sílẹ̀ títí yóò fi dé."

Ó fi ìwé funfun kan há sí abẹ́ ìgò tàdáwà. Lẹ́yìn náà ó bomi rẹ ẹ̀wà sínú abọ́, ó ní òun fẹ́ lọ já ewé mọ́ínmọ́ín lóko Bàbá olóbì, bàbá àgbàlagbà kan tí oko obì rẹ̀ kò jìnnà sí ìlú. Ó ní kí n bá òun bó ẹ̀wà náà bó bá di aago méjì. Mo ní mo ti gbọ́. Mo lọ sí lábù. Mi ò bó ẹ̀wà.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n sọ ìdí tí mi ò fi ní ọká. Ní agbègbè wa, ẹni tó bá pa ejò á gé orí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á gbẹ́ ilẹ̀ jìn, á sin ín. Mi ò lè pe àṣà náà ní òmùgọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni àwọn èèyàn fi ń rìn lóko, eyín ejò tó ti kú sì ṣì lè gún èèyàn kí oró wọlé. Ṣùgbọ́n orí ni mo fi ń dá ejò mọ̀. Ara wọn ń jọra, ìdọ̀tí ń bo àwọ̀ wọn, iná ń jó wọn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, mo máa ń lu tábìlì fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: "Ejò tí kò lórí, kò lórúkọ." Èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá láìlórí, mo máa ń dá a padà. Àwọn ọmọ sọ ọ́ di àwàdà. Ìyàwó mi náà sọ ọ́ di àwàdà. Bí mo bá ń wá bàtà mi ẹsẹ̀ kan, á ní, "Bàtà tí kò lẹ́nìkejì, kò lórúkọ."

Ó tó aago mẹ́ta ọ̀sán kí wọ́n tó wá pè mí. Abẹ́ igi obì ni ewé mọ́ínmọ́ín ti ń hù, níbi tí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti já ewé, ejò kan sì bù ú jẹ lókè ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá olóbì gbọ́ igbe rẹ̀, ó fi àdá pa ejò náà. Gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, tinútinú ló fi ṣe é. Ó gé orí ejò, ó sin ín. Ó fi ọ̀já so ẹsẹ̀ ìyàwó mi lábẹ́ orúnkún, ó so ó le. Ó fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ yí ojú ibi tí ejò ti bù ú jẹ ká, ó fi ẹ̀tù dúdú ra á. Àwọn ará ilé rẹ̀ tó wà lóko ti ń fi iná wi ejò náà gẹ́gẹ́ bí ẹran kí ó tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ han dìsípẹ́ńsárì, ó sì fà á yọ nínú iná, ó jù ú sínú àpò.

Gbogbo ohun tó lè jẹ́rìí ni a ti pa lẹ́nu mọ́ kí n tó dé. Orí wà nínú ilẹ̀. Abẹ ti gé ojú eyín rẹ́. Iná ti jó àwọ̀.

Bí mo ṣe wọ dìsípẹ́ńsárì, ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sílẹ̀, ó ti ń wú. Ó ń jẹ eyín pọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ dúró ti àpò náà.

"Orí ẹ̀ dà?"

"Mo ti sin ín," ni Bàbá olóbì wí. "Àbí kí n fi sílẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn fi ẹsẹ̀ gún un?"

"Bàbá, ẹ ò bá ti fi ewé dì í wá."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń fi ewé di orí ejò rìn wọ ìlú? Ṣé èkuru ni?"

"Ejò wo wá ni?"

Bàbá olóbì la ẹnu, àmọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà ti yíjú sí mi. Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìlaró ló ní i, ọkọ̀ tó kẹ́yìn sì ṣì wà ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ erè ni, kí ni wọ́n fẹ́ gbé obìnrin tí ara ń ro lọ sí Ìlaró ṣe? Ó ní ẹsẹ̀ tó wú yìí, okùn tí wọ́n so ló fà á.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ejò jù ní ìlú yìí. Ṣé erè kọ́ nìyí?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ó nípọn. Apá kan dúdú nítorí iná, eérú bo apá kejì, mo rí ọnà díẹ̀ lára rẹ̀. Erè pẹ̀lú máa ń nípọn, erè pẹ̀lú máa ń ní ọnà. Mi ò fi ọwọ́ kàn án.

"Ó jọ ọmọ erè," ni mo wí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sọ ìtàn yìí fún àwọn èèyàn bíi pé ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló wí bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹnu mi bà á lórúkọ jẹ́ káàkiri. Ó ti kúrò nílùú kó tó gbọ́, bóyá kò gbọ́ rárá. Èmi ni mo wí i. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ erè. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí.

Wọ́n fún ìyàwó mi ní abẹ́rẹ́ kan àti oògùn ara ríro, wọ́n tú ọ̀já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Bàbá olóbì gbé àpò náà tẹ̀ lé wa, ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó wò mí díẹ̀, ó sì lọ.

Nínú ilé tí a ń gbé, màmá àgbà kan ń gbé yàrá òdìkejì. Ègùn ni, apá ìsàlẹ̀ Kútọnu ni wọ́n ti bí i, Yorùbá rẹ̀ kò sì dán mọ́rán. Nínú ìdílé rẹ̀, wọn kì í pa erè, wọn kì í jẹ ẹ́. Dàngbé ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá rí òkú rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á sin ín bí èèyàn. Nígbà tó gbọ́ pé a gbé òkú erè wọlé, ó mú ìborùn funfun kan jáde, ó kúnlẹ̀ ti àpò náà, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó fa ejò náà jáde, ó fi ọwọ́ pa eérú kúrò lára rẹ̀ kí ó tó bò ó.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún fi ọwọ́ pa á. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó dìde.

"Tíṣà. Dàngbé kọ́."

"Màmá, erè ni. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Non, rárá. Dàngbé, ara ẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Eléyìí ha ọwọ́, ha ọwọ́." Ó ń fi ìka kan họ ẹ̀yìn ọwọ́ kejì láti fi hàn mí. "Wá, fi ọwọ́ kàn án. Fi ọwọ́ kàn án, Tíṣà."

Ìpẹ́ ejò olóró tó nípọn bẹ́ẹ̀ máa ń ha ọwọ́ bí ayùn. Ti erè máa ń dán. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó, mo ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Òòrùn ṣì wà lókè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilé wa sí gáréèjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wa láyà jẹ," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Láti orí ẹní, ìyàwó mi pè mí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Tíṣà, ṣé orí ẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Rárá. Bàbá ti sin ín."

"Ẹ̀yin lẹ ní ejò tí kò lórí kò lórúkọ." Ó mí. "Báwo lẹ ṣe wá mọ orúkọ eléyìí?"

"Sinmi," ni mo wí fún un.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ náà ti wú dé itan, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti erìgì rẹ̀. Nígbà yẹn ni mo sáré lọ sí gáréèjì. Ọkọ̀ ti lọ. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo tó rí ọkọ̀ pijó kan tó gbà láti gbé wa. A ò tíì dé Ìlaró tó fi kú. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Awakọ̀ náà rí i nínú díńgí, ó rọra dín eré kù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn kún ilé mi, ohun tí wọ́n wí sì bí mi nínú ju ikú náà lọ. Àǹtí rẹ̀ kan fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ta ló ń bá a jà níbi iṣẹ́?"

"Kò bá ẹnikẹ́ni jà, Àǹtí. Ejò ló bù ú jẹ."

"Ejò lásán kọ́ nìyẹn. Ẹ lọ wádìí."

"Ejò lásán ni, mà."

"Ìwé yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ayé le."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí n má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo dúpẹ́. Wọ́n wá ẹlẹ́bi lọ sí ọ̀run, wọ́n wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn àjẹ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó wo ojú mi kó bi mí pé: Tíṣà, kí lẹ wí ní dìsípẹ́ńsárì? Bí ẹnì kan bá bi mí ni, mo rò pé ǹ bá rí oorun sùn. Nínú ilé ìdáná, ẹ̀wà tí ìyàwó mi bomi rẹ ti hù nínú abọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá dúró tì mí dà á nù kí n tó lè sọ pé kó má dà á.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo gba oko obì lọ. Bàbá olóbì rí mi, ó dìde láti orí àpótí.

"Bàbá, níbo lẹ sin orí yẹn sí?"

Kò bi mí pé orí wo. Ó mú ọkọ́ lẹ́yìn ahéré. Mo na ọwọ́ láti gbà á.

"Jẹ́ kí n wà á," ló wí. "Èmi ni mo sin ín."

Nígbà tó wà á jáde, orí náà ti ń rà, ó ti ń rùn, àmọ́ kò tíì bàjẹ́ tán. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ìwo méjèèjì wà lórí imú. Mo fi igi gbé ẹran ẹnu rẹ̀ sókè, eyín oró náà sì yọ, ó gùn ju ìdajì ìka mi lọ. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Ọká ni," ni Bàbá olóbì wí lókè orí mi.

Mo gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin mọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbé àdá. Ọmọ ọdún mélòó ni mo wà tí mo ti mọ ọká?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo la ẹnu kí n sọ. Wọ́n yíjú sí ọ. O ní erè ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìwọ lo kàwé ejò. Mo ní bóyá ojú àgbà ló ń ṣe mí. Títí mo fi délé ni mò ń sọ fún ara mi pé Tíṣà ò lè ṣì í."

Mo fẹ́ bínú sí i. Mo ti gbé ìbínú náà láti ìlú wá, mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí i lẹ́nu. Mi ò rí ibi tí mo máa gbé e lé. Èèyàn mẹ́ta ló ti mọ̀ pé mo ṣì í, tàbí tó fura: àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé, àgbàlagbà Ègùn tí mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu, àti aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló pè mí ní Tíṣà.

Mo gbé orí náà lọ sí lábù nínú agolo mílíìkì, mo bọ̀ ọ́ sínú ìgò tó ṣófo, mo da fómálìn lé e. Mo ti pinnu pé kò ní dúró sí lábù. Dìsípẹ́ńsárì ni mo fẹ́ gbé e lọ, òun àti àwọn ìgò yòókù, kí wọ́n to wọ́n síbi tí ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí wọn, kí àgbẹ̀ lè na ìka sí i pé òun nìyí. Bàbá olóbì ṣèlérí pé òun á máa fi agolo gbé orí ejò wá láti ìgbà náà lọ, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n ìgò ọká kò kúrò lórí pẹpẹ fún bí oṣù méjì, nítorí pé kò ní lébẹ̀lì.

Mi ò ṣe nǹkan kan fúnra mi nínú oṣù méjì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ. Olùkọ́ mìíràn gba kíláàsì mi. Ẹnì kan tilẹ̀ bá mi gé èékánná. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà sílé rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, mo jókòó sí tábìlì ìjẹun, mo sì rí ìwé funfun yẹn lábẹ́ ìgò tàdáwà, níbi tí ìyàwó mi fi í há sí.

Mo da tàdáwà olómi náà nù sẹ́yìn ilé. Mo lọ ra tuntun. Mo dá iná, mo po sítáàṣì, ó dì kókó. Mo dà á nù, mo tún òmíràn po, mo rò ó láìdúró gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì dán. Mo kọ́kọ́ fi ìwé mìíràn dánra wò. Alángbá tó ti inú eérú jáde. Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún mo fa ìwé tirẹ̀ yọ, mo kọ ọ́ sórí rẹ̀: Ọká. Oko obì, Ayétòrò.

Ó wọ́ díẹ̀ sí apá ọ̀tún, àmọ́ ó ṣeé kà. Mo gbé e lọ sí lábù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò náà, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi gbẹ.